Ẹ má ṣe fi ipá so ehoro méjì pọ̀

 

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní kíláàsì wa ní Kèrè, ìyá kan gbé ehoro kan wọlé. Aṣọ àlòkù ni ó fi wé e. Etí ehoro náà ti fàya. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ irun ọrùn rẹ̀. Ìyá náà kò mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní: "Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ bá mi wo èyí ná."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ni ehoro náà. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń sìn ín. Ó ń já ewé ẹ̀pà fún un, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ehoro náà nìkan ni ó wà nínú àgò, àánú rẹ̀ sì ṣe ìyá ọmọ. Nígbà tí ó gba owó àjọ, ó ra abo ehoro kejì ní ọjà Glazoué, kí èyí tí ó wà nílé lè ní ẹnìkejì. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó délé. Ó ṣí àgò, ó gbé àlejò sí i, ó sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àlejò ti kú sí igun àgò. Èyí tí ó gbé wá sọ́dọ̀ wa ni èyí tí ó ṣẹ́gun.

Ó bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní: "Ṣé bí ehoro ṣe burú tó nìyí? Ṣebí ọ̀rẹ́ ni mo wá fún un."

Kí n tó dáhùn, bàbá kan tí ó jókòó lẹ́yìn ti sọ tirẹ̀. Ó ní: "Ẹran ni ẹran ń jẹ́. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n jà. Bí ọ̀kan bá ti mọ̀ pé èkejì lágbára ju òun lọ, ìjà á tán." Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì mi orí.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ilé púpọ̀ ní ẹsẹ̀ àwọn òkè wa. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà fún ẹran tí ó wà nínú àgò. Ó ń pa ehoro wa, ó sì ń jẹ owó wa.

Ehoro ilé kì í ṣe ehoro inú igbó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran tí à ń sìn.

Ehoro tí àwọn ọdẹ wa ń rí nínú igbó, òun nìkan ni ó sábà máa ń gbé. Kì í gbẹ́ ihò. Abẹ́ koríko ni ó ń sùn sí. Bí ó bá bímọ, ojú àwọn ọmọ náà ti là, irun sì ti bo ara wọn.

Èyí tí à ń sìn nílé yàtọ̀. Àwọn kan ń fi orúkọ Faransé pè é, wọ́n ń pè é ní lapin. Ilẹ̀ Spéènì àti gúúsù ilẹ̀ Faransé ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Wọ́n máa ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé inú rẹ̀ bí agbo ilé. Akọ wà níbẹ̀, abo wà níbẹ̀. Àgbà wà, ọmọdé wà. Olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀. Bí abo bá bímọ, ìhòòhò ni àwọn ọmọ rẹ̀, ojú wọn kò sì tíì là. Inú ihò ni wọ́n ti ń dàgbà.

Nítorí náà, ìwà méjì ni ehoro ilé jogún.

Ìwà kìíní: ó fẹ́ ẹgbẹ́. Bí ó bá mọ ẹnìkejì rẹ̀ dáadáa, wọn yóò jọ sùn, wọn yóò jọ jẹun, ọ̀kan yóò máa lá èkejì lórí.

Ìwà kejì: kì í gba àlejò wọ agbo ilé rẹ̀. Òórùn ni ó fi ń mọ ará ilé, òórùn náà ni ó sì fi ń mọ àjèjì. Ohun kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tí ó ń mú òórùn jáde. Bí ẹ bá rí ehoro tí ó ń fi àgbọ̀n ra ẹnu ọ̀nà àgò tàbí etí abọ́ oúnjẹ, ẹ má rò pé ara ń yún un. Ó ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń kọ orúkọ wa sára ìwé wa báyìí. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú.

Ẹ wá wo àgò ìyá wa. Gbogbo igun rẹ̀ ni ehoro àkọ́kọ́ ti kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àárín òru ni a sì ju àjèjì sí i.

Ìjà tí kò ní ẹnu ọ̀nà

Bàbá wa ní bí wọ́n bá jà, ìjà á tán. Nínú igbó, òótọ́ ni. Ẹni tí a bá ṣẹ́gun yóò sá lọ. Ẹni tí ó ṣẹ́gun yóò lé e dé ibì kan, yóò sì padà sílé. Ìjà tán.

Ṣùgbọ́n nínú àgò, níbo ni ẹni tí a ṣẹ́gun yóò sá sí? Ó sá dé igun kan, onílé bá a níbẹ̀. Ó sá dé igun kejì, onílé tún bá a níbẹ̀. Lójú onílé, àjèjì yìí kọ̀, kò lọ. Nítorí náà ìjà kò tíì tán. Eyín ehoro mú, èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè la ikùn èkejì. Kì í ṣe pé ehoro burú. Àwa ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe láàárín ara wa. Bí a bá gbé ìyàwó wọlé, ṣé a máa ń ti òun àti ìyáálé mọ́ yàrá kan ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí a ní kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀? Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn ìyá ilé yóò pàdé ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Wọn yóò fún un lómi. Wọn yóò fi yàrá tirẹ̀ hàn án. Díẹ̀díẹ̀ ni òun àti àwọn tí ó bá nílé yóò máa mọ ara wọn, nídìí ààrò, lójú ọ̀nà omi. Bí a bá mọ èyí fún èèyàn, ó yẹ kí a lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹran tí a fi owó àjọ rà.

Ta ni kí ó dá gbé, ta ni kí ó ní ẹnìkejì?

N kò sọ pé kí gbogbo ehoro máa gbé pọ̀. Ọ̀nà méjì ni a gbà ń sìn wọ́n ní agbègbè wa, ọ̀rọ̀ wọn kò sì rí bákan náà.

Àwọn kan ń sin ehoro fún títà. Ohun tí mo rí pé ó dára fún wọn ni pé kí ehoro àgbà kọ̀ọ̀kan ní àgò tirẹ̀. Kí àwọn àgò náà wà nítòsí ara wọn, kí àwọn ehoro lè máa rí ara wọn. Bí akọ àti abo bá jọ ń gbé, abo lè tún lóyún ní ọjọ́ tí ó bímọ gan-an. Oyún ehoro kò ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ. Ẹ rò ó wò: ó ń fún ọmọ lọ́mú, oyún mìíràn tún wà nínú rẹ̀, kò sì sinmi. Yóò rù. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa kú. Bí abo méjì bá sì bímọ sínú àgò kan, ọ̀kan lè pa ọmọ èkejì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti kó àwọn abo tí ń bímọ sí agbo kan. Wọ́n rí ọgbẹ́ púpọ̀ lára wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le fún àwọn tí ó ní àyè tí ó sì ní owó, kò lè rọrùn fún wa.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí abo gba akọ, abo ni kí ẹ gbé lọ sí ilé akọ. Ẹ má ṣe gbé akọ lọ bá abo. Abo máa ń ṣọ́ ilé rẹ̀ gan-an. Bí akọ bá wọlé tọ̀ ọ́, ó lè bù ú jẹ. Akọ náà, bí ó bá dé ibi tí kò mọ̀, yóò máa gbóòórùn kiri, yóò gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an. Ẹ dúró tì wọ́n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí akọ bá ti gùn ún tí ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ó ti parí. Ẹ gbé abo padà sílé rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ yìí. Mo kàwé dé kọ́lẹ́jì, mo sì rò pé mo mọ̀. Mo fi akọ méjì, ọmọ ìyá kan náà, sínú àgò kan. Wọ́n jọ dàgbà. Wọ́n ń sùn lé ara wọn lórí. Mo ní ọmọ ìyá kò ní í bá ara wọn jà. Nígbà tí wọ́n lé ní oṣù 4, mo ti oko dé ní ọjọ́ kan, mo rí i pé ọ̀kan ti bu ẹpọ̀n èkejì jẹ. Ní ọjọ́ kẹta ó kú. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ ehoro bá ti pé oṣù 3, mo ń ya akọ kúrò lára abo, mo sì ń fún akọ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀.

Àwọn mìíràn kò sin ehoro fún ọjà. Ọ̀kan ni wọ́n ní, ó wà lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ ń bá a ṣeré. Fún irú ehoro bẹ́ẹ̀, mo gbà pé dídá gbé kò dára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń rí sí ìtọ́jú ẹran máa ń gba èèyàn níyànjú pé kí wọ́n máa sin ehoro ní méjìméjì. Ìyá wa kò ṣìṣe nígbà tí ó ra èkejì. Ohun tí ó fẹ́ dára. Ìkánjú ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Àwọn wo wá ni a lè so pọ̀?

Àwọn tí ó rọrùn jù ni abo méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan, tí a kò yà rí. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ra méjèèjì lọ́jọ́ kan láti inú ìtẹ́ kan. Iṣẹ́ yín ti fúyẹ́.

Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ni abo kan àti akọ kan tí dókítà ẹran ti tẹ̀ lọ́dàá. Ẹ mọ̀ pé akọ tí a tẹ̀ ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi abẹ ilé ṣe iṣẹ́ dókítà.

Abo méjì tí kò mọ ara wọn rí ṣeé so pọ̀, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù.

Akọ méjì tí ó ti dàgbà, tí a kò tẹ̀ lọ́dàá, ẹ má ṣe dán an wò.

Bí a ṣe ń mú àlejò mọ onílé

Èyí ni ọ̀nà tí àwa àti ìyá náà tọ̀ nígbà tí ó tún ra abo mìíràn. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé yín.

1. Ẹ fi àlejò sí ibi tí ó jìnnà fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3.

Ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ onílé lọ́jọ́ tí ó dé. Ó lè gbé àrùn wá láti ọjà. Ní ọdún 1995, àrùn kan tí ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde ní imú ehoro wọ orílẹ̀-èdè Benin. Ó pa ehoro púpọ̀. Ehoro tí ó jẹun lánàá lè kú lónìí. Ní ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin ehoro mọ̀ pé ẹran tuntun lè ba agbo jẹ́. Àárín ìwádìí kan wà fún ehoro ní Yunifásítì Abomey-Calavi, CECURI ni orúkọ rẹ̀. Bí dókítà ẹran ní Dassa-Zoumè bá ní kí ẹ béèrè nǹkan lọ́dọ̀ wọn, ẹ má ṣe tijú.

Ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, ẹ máa wo imú àlejò: ṣé ó ń ṣe ọ̀fìnkìn? Ẹ wo inú etí rẹ̀: ṣé èépá wà níbẹ̀? Ẹ wo irun rẹ̀: ṣé ó ń re? Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀: ṣé ó dì, àbí ó ṣàn? Onílé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Làpálàpá ara ehoro lè ran èèyàn, àwọn ọmọdé ni ó sì máa ń tètè mú.

2. Ẹ gbé àgò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Kí àyè ìbú ọwọ́ kan wà láàárín àgò méjèèjì, kí wọ́n má baà gé ara wọn lẹ́sẹ̀ jẹ láti ojú wáyà. Wọn yóò máa rí ara wọn. Wọn yóò máa gbóòórùn ara wọn. Ní ọjọ́ kìíní, ọ̀kan lè máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀. Inú ń bí i ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, ẹ mú koríko tí èkíní sùn lé lórí, kí ẹ kó o sínú àgò èkejì. Ẹ mú ti èkejì fún èkíní. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ wọn: kí onílé lọ sùn ní ilé àlejò, kí àlejò lọ sùn ní ilé onílé. Báyìí ni òórùn ẹnìkejì yóò ṣe di òórùn ilé. Ẹ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí wọ́n bá ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí ara wọn, ó ti ń dára.

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pàdé níbi tí kò sí ẹni tí ó ni ín.

Má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ inú àgò ẹnikẹ́ni nínú wọn. Yàrá kan tí wọn kò wọ̀ rí dára. Ilẹ̀ kíláàsì wa ni àwa lò. Ẹ gbá ilẹ̀ náà. Ẹ tú ewé ẹ̀pà tàbí ewé ọ̀dùnkún ká orí ilẹ̀, kí ó pọ̀, kí wọ́n má baà du ú. Kí ewé náà ti rọ díẹ̀, kí ó má tutù ṣìnkìn. Ẹ má fún wọn ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ yàn. Ẹ mọ̀ bí àpáta àwọn òkè wa ṣe máa ń gbóná lọ́sàn-án. Ehoro kì í làágùn bí èèyàn. Bí ó bá jà nínú ooru, ooru nìkan lè pa á.

Kí èèyàn méjì wà níbẹ̀. Kí ẹnì kan mú ìgbálẹ̀ dání, kí ẹnìkejì mú agbọ̀n. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ìgbálẹ̀ sáàárín wọn, kí ẹ sì da agbọ̀n bo ọ̀kan. Ẹ má fi ọwọ́ lásán là wọ́n. Bí wọ́n bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn bí ó bá jìn.

Ìṣẹ́jú 10 tó fún ọjọ́ kìíní. Ẹ má dúró títí ìjà yóò fi dé. Ìgbà tí wọ́n ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí ẹ gbé wọn kúrò, kí ohun tí wọn yóò rántí lè jẹ́ ohun rere. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún ṣe é. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un.

4. Ẹ kọ́ láti ka ara ehoro.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka lẹ́tà, ara ehoro kò le jù yín lọ.

Bí ó bá fi etí lélẹ̀ sẹ́yìn, tí ó na ìrù sókè, tí ara rẹ̀ le, ó fẹ́ jà. Ẹ ti ìgbálẹ̀ sáàárín. Bí wọ́n bá ń yí ara wọn po kíákíá, tí irun ń fò, ẹ yà wọ́n kíá.

Bí ọ̀kan bá gun èkejì lẹ́yìn, kódà bí abo ni méjèèjì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bẹ̀rù. Wọ́n ń wádìí ta ni àgbà. Bí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ bá gbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá gùn ún láti iwájú, ẹ gbé e kúrò, nítorí èkejì lè gé e jẹ níbi tí kò dára.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn tí ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Abo tí kò rí akọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà rẹ̀ tu, ó ń fi ṣe ìtẹ́. Kì í ṣe àjẹ́. Bí abo kan bá gun èkejì, ara èyí tí a gùn lè rò pé òun ti lóyún. Oyún irọ́ ni. Nǹkan bí ọjọ́ 16 sí 18 ni yóò gbà kí ó tán. Ní àkókò náà, inú a máa tètè bí i. Ẹ fún un ní àyè.

Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọọrọ, tí èkejì lá a lórí, ẹ dúpẹ́. Wọ́n ti mọ ara wọn.

5. Ẹ fún wọn ní ilé tuntun.

Bí wọ́n bá ti lè wà pọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìjà, ẹ fọ àgò tí ó fẹ̀ jù, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ tẹ́ koríko tuntun. Ẹ gbé méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Abọ́ omi 2, ibi oúnjẹ 2. Bí ẹ bá fi àpótí sí i fún wọn láti sá pamọ́ sí, kí ó ní ẹnu ọ̀nà 2. Ẹ rántí ohun tí mo sọ: ìjà tí kò ní ẹnu ọ̀nà ni ó ń pa.

Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn tí ẹ gbé e lọ fún ọjọ́ púpọ̀, òórùn rẹ̀ lè yí padà kí ó tó dé. Ẹ má kàn jù ú padà. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àgò méjì.

"Ẹran lásán ni"

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: "Tíṣà, ta ni ó ní àkókò yìí? Oko ń dúró. Ẹ̀pà ń dúró. Ẹran lásán ni ehoro."

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀, nítorí ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìṣirò. Kí ni ọ̀nà tí mo sọ yìí ń ná wa? Àgò kejì tí a fi ọparun ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ewé tí a ti ń já tẹ́lẹ̀. Kí ni ìkánjú ná ìyá wa? Owó àjọ odindi oṣù kan ni ó sọnù ní òru kan. Èyí tí ó kù fara gbọgbẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ sì sunkún fún ọjọ́ púpọ̀, kò fẹ́ dé ẹ̀yìn ilé mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni ó dùn mí jù. Ọmọ tí ń sin ehoro ń kọ́ bí a ti ń ṣe ìtọ́jú. Ó ń jí ní kùtù. Ó ń fọ abọ́. Ó ń mọ ìgbà tí ẹran rẹ̀ kò jẹun. Bí ó bá rí i pé àwa àgbà ju ẹran méjì sínú àgò tí a sì lọ sùn, kí ni a kọ́ ọ? A kọ́ ọ pé alágbára ni kí ó máa gbé, kí aláìlágbára kú sí igun. Bí ó bá rí i pé a fi sùúrù mú àjèjì méjì di ará ilé kan, ẹ̀kọ́ mìíràn ni yóò kọ́, yóò sì wúlò fún un ju ehoro lọ.

Nítorí náà, mo ń bẹ bàbá wa, mo sì ń bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mi orí ní alẹ́ ọjọ́ náà: ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n jà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìyá náà gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kejì. Ọ̀sẹ̀ 7 ni ó gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n jà díẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ sú u. A ní kí ó padà sí àgò méjì fún ọjọ́ 4, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Lónìí, abo méjèèjì jọ ń sùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti padà sí ẹ̀yìn ilé.

Ohun tí ó mú inú mi dùn jù ni ìwé tí ìyá náà mú wá hàn mí. Ó ti ya ìlà sí i fúnra rẹ̀. Ó kọ ọjọ́, ó kọ ìṣẹ́jú, ó sì kọ ohun tí ó rí: "Wọ́n jẹun." "Dúdú gun funfun." "Wọn kò jà." N kò ní kí ó kọ ọ́. Òun ni ó rí i pé bí òun kò bá kọ ọ́, òun yóò gbàgbé. Bàbá tí ó jókòó lẹ́yìn gba ìwé náà, ó kà á sókè fún gbogbo wa. Nígbà tí ó kà á tán, ó ní òun yóò ṣe àgò kejì.

Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó

1. Kí ló dé tí ìjà ehoro fi máa ń tán nínú igbó, tí kì í tán nínú àgò?

2. Nínú ilé yín, ehoro mélòó ni ó dá wà? Mélòó ni ó wà pọ̀? Ṣé akọ ni wọ́n tàbí abo?

3. Bí ẹ bá ra adìẹ tàbí ewúrẹ́ tuntun, ọjọ́ mélòó ni ẹ máa ń yà á sọ́tọ̀ kí ó tó dé àárín àwọn yòókù?

4. Ẹ ya ìlà sínú ìwé yín bí ti ìyá wa. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí lára ẹran yín fún ọjọ́ 7, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.